Ta Ni Ó Ni Òkun?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ kí a tó dé ojú omi. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà oko, gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe. Wọn á lọ sí oko náà. Wọn á wá pèrègún tí àwọn baba gbìn sí ààlà. Wọn á pe àwọn tó ń dáko nítòsí, wọn á bi wọ́n pé: "Ta ni ẹ bá níbí? Ta ni ó kọ́kọ́ ṣán igbó yìí?" Ẹ̀rí á jáde, torí pé ilẹ̀ kì í sá lọ, pèrègún kì í sì í rìn.

Òkun ńkọ́? A kò lè gbin pèrègún sójú òkun. Bí ọkọ̀ bá kọjá lórí omi, omi á pa ojú ọ̀nà rẹ̀ dé kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó bojú wẹ̀yìn. Ẹja tó wà lọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀ lè wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lálẹ́. Síbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ òkun, oníkálukú ń wí pé: "Tèmi ni." Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí ènìyàn bá wí pé omi jẹ́ ti òun, kí ni ó ń wí gan-an?

N ó mú àpẹẹrẹ kan láti ọ̀nà jíjìn, ní ìlà oòrùn ayé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ ní àkókò wa. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sílé.

Òkun kan wà láàárín ilẹ̀ Ṣáínà, ilẹ̀ Fiẹtnámù, ilẹ̀ Màléṣíà àti ilẹ̀ Filipínì. Òkun Gúúsù Ṣáínà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ọjà tó ń gba ibẹ̀ kọjá pọ̀ gan-an. Ẹja wà níbẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì sì wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Nínú òkun yìí ni ibì kan wà tí à ń pè ní Scarborough. Ẹ má ṣe rò pé ìlú ni, tàbí erékùṣù tí ènìyàn lè kọ́ ilé sí. Àpáta ni, tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun mọ yí ká bí ọgbà, tí omi sì wà láàárín rẹ̀ bí ọ̀sà. Nígbà tí omi òkun bá kún, òkúta díẹ̀ ni ó ń yọ orí síta. Èyí tó ga jù nínú wọn kò ga tó òrùlé ilé wa. Kò sí kànga níbẹ̀, kò sí igi, kò sí erùpẹ̀ tí a lè gbin ilá sí.

Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọlu àpáta náà láyé àtijọ́ ni ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ará Filipínì ń pè é ní Panatag tàbí Bajo de Masinloc. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní Huangyan. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ ń wí pé òun ni òbí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àpáta yìí ní òbí púpọ̀.

Láti etí òkun Luzon, tí í ṣe erékùṣù tó tóbi jù ní Filipínì, dé ibẹ̀, ó tó 220 kìlómítà. Ó dín díẹ̀ sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà láti Kútọnù dé Ṣábẹ. Láti etí òkun Ṣáínà dé ibẹ̀, ó lé ní 800 kìlómítà. Èyí ju gbogbo ọ̀nà láti Kútọnù dé Malanville lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ọkọ̀ ológun Filipínì bá ọkọ̀ apẹja Ṣáínà mẹ́jọ nínú ọ̀sà àpáta náà. Àwọn ológun wọ inú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì rí àwọn ẹ̀dá oníkarahun ńlá tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kó. Kí wọ́n tó lè mú àwọn apẹja náà, ọkọ̀ ìjọba Ṣáínà ti dé, ó dúró sáàárín. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń wo ara wọn lójú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ọkọ̀ Filipínì kúrò. Ti Ṣáínà kò kúrò. Láti ìgbà náà, ìjọba Ṣáínà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò padà.

Ẹ ro ti apẹja Filipínì wò. Òun kọ́ ni ó ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ọ̀nà ibẹ̀. Ó mọ ibi tí ẹja ń pọ̀ sí. Bí ìjì bá dé lójijì, inú ọ̀sà yẹn ni ó ń sá sí, torí pé àpáta ń dá ìgbì dúró. Ó ti ra epo ọkọ̀, bóyá àwìn ni ó fi rà á. Ó dé ibẹ̀, ọkọ̀ irin ńlá kan dúró dè é, ó ń fọn fèrè sí i, ó ní kó padà. Nígbà mìíràn wọn á fi ẹ̀rọ tú omi lù ú pẹ̀lú agbára. Ó padà sílé láìrí ẹja pa, gbèsè epo sì ń dúró dè é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnu wọn. Ìjọba Ṣáínà wí pé: "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń wá síbí." Ní ọdún 1947, wọ́n tẹ àwòrán kan tí wọ́n fa ìlà gígékúrú-gígékúrú sí lórí, ó yí èyí tó pọ̀ jù nínú òkun náà ká. Ní ọdún 2009, wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Èmi kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ "àwọn baba wa". Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ṣíṣán igbó yàtọ̀ sí gbígba inú igbó kọjá. Ọdẹ lè ti máa rìn nínú igbó kan fún ogún ọdún kí àgbẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó mọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀, ó mọ ihò òkété. Èyí kò sọ igbó náà di tirẹ̀ nìkan, torí pé àwọn ọdẹ mìíràn náà ń kọjá níbẹ̀, kò sì lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkun yìí rí. Àwọn ará Ṣáínà pẹja níbẹ̀, òtítọ́ ni. Àwọn ará Filipínì pẹja níbẹ̀, àwọn ará Fiẹtnámù náà pẹja níbẹ̀.

Àwọn ará Filipínì ní tiwọn wí pé: "Ọ̀dọ̀ wa ni ó sún mọ́." Èyí nìkan kò tó. Àgbàdo aládùúgbò mi sún mọ́ ilé mi ju tèmi lọ, kò sì tíì di tèmi. Ohun tó fún ọ̀rọ̀ wọn ní agbára ni àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Montego Bay, ní ilẹ̀ Jàmáíkà, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1982. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994. Ó wí pé omi tó bẹ̀rẹ̀ láti etí ilẹ̀ dé nǹkan bí 22 kìlómítà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tó ni ilẹ̀ náà, bí ẹni ń wí pé àgbàlá rẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ lọ dé nǹkan bí 370 kìlómítà, ẹja inú omi àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbogbo ayé lè kọjá. Àpáta tí ènìyàn kò lè gbé, 22 kìlómítà péré ni ó ní. Filipínì fọwọ́ sí àdéhùn yìí. Ṣáínà náà fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Ohun kẹta wà tí kò sẹ́ni tó ń fẹnu sọ ọ́, ìwà ni ó ń sọ ọ́: "Tèmi ni, torí pé mo lè lé ọ jáde." Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa jẹ. Bí olè bá gba ilé mi, tó fi àdá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ni ó wà níbẹ̀, òun kọ́ ni ó nilé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lè máa kí i lẹ́nu ọ̀nà títí ọdún á fi yí po. Síbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó nilé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Filipínì gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onídàájọ́, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn 1982 ṣe là á sílẹ̀. Ìlú La Haye ní ilẹ̀ Họ́lándì ni wọ́n jókòó sí. Adájọ́ márùn-ún ni wọ́n. Ẹni tó ṣe olórí wọn wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, ará Gánà ni, Thomas Mensah ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé ẹjọ́ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òkun. Ó kú ní ọdún 2020.

Ìjọba Ṣáínà kọ̀, kò wá. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni àwọn adájọ́ ṣe? Ìjọba Ṣáínà ti tẹ ìwé kan jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2014 láti sọ èrò rẹ̀. Àwọn adájọ́ mú ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ wà níwájú wọn. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí a pè bá kọ̀ tí kò wá, kò yẹ kí a tìtorí bẹ́ẹ̀ di etí wa sí i.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2016, wọ́n dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní ìlà tí Ṣáínà fà yí òkun ká kò fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti ọrọ̀ inú rẹ̀, torí pé kò sí ẹ̀rí pé ó dá òkun náà lò láyé àtijọ́ tàbí pé ó lé àwọn yòókù. Ní ti Scarborough, wọn kò sọ ẹni tó ni àpáta náà rárá. Àdéhùn òkun kò fún wọn ní àṣẹ láti pín ilẹ̀, wọn kò sì pín in. Ohun tí wọ́n sọ ni pé apẹja Filipínì ti ń pẹja níbẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wọn, apẹja Ṣáínà náà bẹ́ẹ̀, àti pé Ṣáínà jẹ̀bi bí ó ṣe lé àwọn apẹja Filipínì. Wọ́n tún fi kún un pé bó bá jẹ́ Filipínì ni ó lé àwọn apẹja Ṣáínà, ohun kan náà ni àwọn ì bá wí.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Àwọn ìjọba ń béèrè pé: "Ta ni ó ni ín?" Àwọn adájọ́ dáhùn ìbéèrè mìíràn: "Ta ni ó ń jẹun níbẹ̀?" Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Àwa ará oko mọ èyí dáadáa. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè fún àlejò ní ibì kan kó máa dáko. Àlejò á gbin àgbàdo, á gbin gbágùúdá àti ẹ̀wà, á sì kó èrè oko rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀pẹ tó bá wà lórí ilẹ̀ náà jẹ́ ti onílẹ̀, òun ni ó ń kọ ẹyìn rẹ̀. Lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni méjì ń jẹun, kò sì dìjà. Bí onílẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ kì í kàn jí lówùúrọ̀ kó fa àgbàdo àlejò tu. Bó bá ṣe é, gbogbo ìlú á wí pé ó ṣe ohun tí kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó nilẹ̀.

Nítorí náà, ká tilẹ̀ gbà pé àpáta yẹn jẹ́ ti Ṣáínà. Ká gbà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ṣé ó wá tọ́ kí a lé ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń rí oúnjẹ níbẹ̀? Èmi wí pé kò tọ́. Bó bá sì jẹ́ ti Filipínì, kò tọ́ kí a lé tálákà apẹja tó wá láti erékùṣù Hainan ní Ṣáínà. Bó bá wá kó ìkarahun tí òfin kọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ohun kan sì tún wà tí a ń kọ̀ fún àlejò. A kì í jẹ́ kó gbin ọ̀pẹ tàbí igi mìíràn tó ń pẹ́ nílẹ̀. Gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀. Igi tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ á di ẹ̀rí. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ àlejò á nawọ́ sí igi náà, á ní: "Ṣé ẹ rí i? Bàbá mi ni ó gbìn ín." Ohun tí Ṣáínà ṣe ní apá mìíràn nínú òkun náà nìyí. Láti òpin ọdún 2013, ó kó iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, ó kó o jọ sórí àpáta méje ní ibi tí à ń pè ní Spratly, ó sọ wọ́n di ilẹ̀, ó kọ́ ilé sí i, ó sì la ibi tí ọkọ̀ òfuurufú lè bà sí lórí mẹ́ta nínú wọn. Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà! Àwọn adájọ́ bá a wí pé ó ń dá kún ìjà, ó sì ba ibùgbé àwọn ẹ̀dá òkun jẹ́. Ẹni tó ń gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbà, kò fẹ́ kí àgbà dá ẹjọ́ náà.

Ìjọba Ṣáínà wí pé ìdájọ́ náà kò jámọ́ nǹkankan. Àwọn adájọ́ kò sì ní ọlọ́pàá tí wọ́n lè rán lọ sójú òkun. Ní ìparí ọdún 2016, nígbà tí olórí Filipínì lọ kí olórí Ṣáínà, a tún jẹ́ kí àwọn apẹja sún mọ́ àpáta náà fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tún le. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ṣáínà ta okùn kan tó ń léfòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà náà, ó gùn tó 300 mítà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Filipínì lọ gé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ ìjọba Ṣáínà méjì ń lé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Filipínì kan nítòsí ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọlu ara wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ṣáínà kéde pé ibẹ̀ ti di ibi ìpamọ́ fún àwọn ẹ̀dá òkun. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé: "Kí ni ìwúlò ìdájọ́ tí alágbára kò gbà?" Ìbéèrè gidi ni. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Lórí Odò Ọya, nítòsí Malanville, erékùṣù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lété. Ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, àwọn Fúlàní ń da ẹran lọ síbẹ̀. Faransé kan náà ni ó ṣàkóso ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ̀ nígbà àtijọ́, nítorí náà kò ka ààlà wọn sí. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, ìjà kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun. Ní ọdún 2001, ìjọba méjèèjì jọ fọwọ́ sí ìwé kan ní Kútọnù pé kí àwọn adájọ́ La Haye là wọ́n. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2005, ìdájọ́ jáde. Wọ́n ní kí ààlà gba ibi tí omi ti jìn jù, níbi tí ọkọ̀ ń gbà. Nínú erékùṣù 25, mẹ́sàn-án jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, 16 jẹ́ ti Nìjẹ̀ẹ̀. Lété wà nínú ti Nìjẹ̀ẹ̀. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ìjọba wa gbà á. Kò sẹ́ni tó yìnbọn.

Nàìjíríà náà lágbára ju Kamẹrúùnù lọ. Ilé ẹjọ́ ní kó fi Bakassi sílẹ̀ fún Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ó bínú, ó fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ìdájọ́ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó gbà á ni ó fi ń rìn. Bí alágbára kan bá kọ̀ ọ́, tí alágbára mìíràn gbà á, a ti mọ̀ pé kíkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a yin ọ̀rọ̀ Bakassi jù. Apẹja ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 wí pé kí a má lé wọn, kí a má gba ohun ìní wọn, kí a má sì dá owó orí tó yàtọ̀ lé wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kó ẹrù, tí wọ́n di ẹni tí kò ní ilé ní ilẹ̀ ara wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn níbẹ̀, a ti mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìbéèrè kejì, ti oúnjẹ, ni a kò tọ́jú dáadáa.

Ní ọdún 2002, Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó wà lágbègbè òkun rẹ̀ pàdé ní ìlú Phnom Penh, wọ́n kọ ìwé pé àwọn á kó ara àwọn níjàánu. Wọ́n sọ pé àwọn á ṣe òfin tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé a lè gbọ́ ohùn tèmi níbẹ̀, n ó ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àpáta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn etí òkun tí apẹja ti ń wá láti ìgbà baba wọn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Filipínì, ní Ṣáínà tàbí ní Fiẹtnámù. Kí wọ́n kọ iye ọkọ̀ tó lè wọlé, irú àwọ̀n tí wọ́n lè lò, àti ìkarahun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìjì bá dé, kò sí ọkọ̀ ìjọba kankan tó gbọdọ̀ dí ẹnu ọ̀sà.